Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Ya Fọ́tò Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Òórùn ẹrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Tí odò Thames bá ti fà sẹ́yìn láàárọ̀ oṣù karùn-ún, ẹrẹ̀ etídò á ṣí sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí Nathan Way kọjá, á sì wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti ojú fèrèsé tí kì í tì pa. Tí o bá ti gbé Thamesmead rí, ní London níbí, o mọ òórùn tí mò ń wí. Kì í ṣe òórùn burúkú. Ó jọ ti ìsàlẹ̀ àmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi àná nù nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì a máa ráhùn, àmọ́ ńṣe ni ẹ̀gbọ́n mi á tún ṣí fèrèsé sí i. Ó ní òórùn yẹn ló máa ń sọ fún òun pé àwọn ẹyẹ òun ti fẹ́ẹ́ dé.

O máa rí i pé mò ń sọ "ó" níbi tó yẹ kí n ti sọ "wọ́n". Lójú ayé rẹ̀, mi ò jẹ́ dán an wò. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ, "Bọ̀ọ̀dá mi" ni mo sì ń pè é. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi, nínú mọ́tò, nínú kíṣìnì, ó sì ti mọ́ mi lẹ́nu.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Òun ló kọ́kọ́ dé London nínú àwa méjèèjì, òun ló sì mú mi wá. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, inú yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn, òun ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀. Tó bá ní iṣẹ́ ìdájí, ìta ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń wọ bàtà rẹ̀, kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa jí mi. Kò níyàwó, kò bímọ. Ó kù díẹ̀ kó gbéyàwó nígbà kan, ọ̀rọ̀ náà fọ́, kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́. Èmi ni gbogbo ẹbí tó ní nílùú yìí, èmi àti ọkọ mi àtàwọn ọmọ mi ní Abbey Wood.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí dé bá a lójijì ni. Lọ́jọ́ kan, níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti máa ń yí padà, ó jókòó, ó ń jẹ ìrẹsì tó gbé wá láti ilé, ni ẹyẹ kékeré kan bá bà sórí dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ẹ̀yìn rẹ̀ dú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí osùn, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ ẹyẹ náà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni, irú èyí tó máa ń fò yí ilé wa ká l'Ábẹ́òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó délé, ó wá nǹkan kà nípa wọn, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún gbéra, wọ́n á gba orí aṣálẹ̀, wọ́n á gba orí òkun, kí wọ́n tó dé ibí nígbà ìrúwé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ ra kámẹ́rà àlòkù ní ọjà Beresford Square, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta aago àti rédíò àtijọ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn ẹgbẹ́ yín ń kọ́lé, ẹ̀yin ń ya ẹyẹ."

Ó ní, "Ẹyẹ náà ń kọ́lé."

Màámi kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ. Ìyàwó ni tiwọn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á pè wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n á kọ́kọ́ pe èmi, wọ́n á wá pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á sì gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi kì í gùn, torí mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Tirẹ̀ ló máa ń gùn. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run la ojú rẹ̀ kó rí egungun ìhà rẹ̀, kí àwọn náà lè gbé ọmọ rẹ̀ jó kí àwọn tó sùn. Nígbà mìíràn mo máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ìpè náà bá wọlé. Á gbé fóònù sórí tábìlì, á máa fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú kámẹ́rà, á sì máa ṣe "àmín" níbi tí àmín bá yẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi rù. Mo rí i. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mi ò rí i. Mo bi í, ó ní ààwẹ̀ ni. Lóòótọ́, ìjọ wa ń gbààwẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èmi gan-an sì ti já a lọ́jọ́ kẹta, nítorí náà ojú tì mí, mi ò bi í ní nǹkan mìíràn. Mo ti wo ara àwọn aláìsàn tí mi ò lè kà tán, mo ti mọ̀ lára ẹlòmíràn kí dókítà tó lanu. Àmọ́ tí ẹni náà bá jẹ́ tìrẹ, ojú a máa mọ ohun tí kò fẹ́ rí.

Ó pè mí ní ọjọ́ Ẹtì kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.

"Ṣé o off lọ́la?"

"Mo off, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Wá fi mọ́tò ẹ gbé mi lọ sí Kent. Àwọn ẹyẹ mi ti dé."

Ó yẹ kí èyí náà ti kọ mí lóminú. Ọkùnrin tó ti ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì láti ogún ọdún ó lé ló ń sọ pé kí n wá gbé òun. Mo kàn rò pé ó fẹ́ ráyè wo ojú ọ̀run lójú ọ̀nà ni.

Mo se mọ́ínmọ́ín dání. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ó ti dúró nílẹ̀, ó so kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Oòrùn ti yọ, ara mi ń gbóná nínú súwẹ́tà, àmọ́ kóòtù òtútù ló wọ̀, ó sì tún wé ìborùn. Mo gbé fóònù sókè kí n yà á bó ṣe dúró níbẹ̀. Ó fọwọ́ bojú kíá.

"Má yà mí jàre. Ẹyẹ la ń lọ yà."

Nínú mọ́tò, ó jẹ ṣíbí mọ́ínmọ́ín kan, ó ní ó dùn, ó sì rọra wé ìyókù padà sínú ewé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi orí ti fèrèsé. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, nípa iṣẹ́, nípa ọ̀gá mi tuntun ní wọ́ọ̀dù, ó ń dáhùn díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé ó ń wá ibi tí òun á ti já ọ̀rọ̀ mi gbà. Mi ò fún un láyè.

Ìgbèríko Kent tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ibi tí a lọ. Kò sí òkè, kò sí igbó. Pápá ni, àti àwọn kòtò omi tí esùsú hù sí létí, àti àgùntàn tó fọ́n ká bí òwú. Àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀bá ọ̀nà ti yọ òdòdó funfun, òórùn wọn sì wúwo. Bí a ṣe ń rìn lọ lẹ́bàá kòtò omi kan, mo rí ẹyẹ funfun kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ gígùn, mo sì kígbe bí ọmọdé.

"Lékeléke! Ní Kent!"

Ó ní, "Ìbátan rẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Mo na ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ẹyẹ náà, bí a ti máa ń ṣe ní kékeré, pé kó fún mi ní èékánná funfun. Ẹ̀gbọ́n mi náà na tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí èékánná rẹ̀ nínú oòrùn. Ó funfun láti ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí, bí ẹni pé lékeléke ti dá a lóhùn kó tó bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tí irú èékánná bẹ́ẹ̀ ń wí. Mo ti kà á nínú ìwé, mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń kú lọ. Mo gbé ojú mi kúrò níbẹ̀, mo ní ká máa lọ.

Ibi tó ń mú mi lọ gan-an ni oko ìyá òyìnbó kan. Ìyá náà ní ilé ẹṣin àtijọ́ kan tí kò sí ẹṣin nínú rẹ̀ mọ́, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló jogún rẹ̀. Ọdún kẹfà nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ síbẹ̀, mi ò sì bá a débẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn ilé náà ń ṣí láàbọ̀, òkè rẹ̀ nìkan, ojú ibẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ náà ń gbà wọlé, wọ́n ń gbà jáde, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu, bí òkúta tí wọ́n fi kànnàkànnà ta. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní ẹni tó bá ń ya ẹyẹ kì í wo ẹyẹ. Ibi tí ẹyẹ ń lọ ni kó máa wò, kó ti dúró dè é níbẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ògiri ni mo yà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gba kámẹ́rà rẹ̀ padà, inú rẹ̀ dùn, ó sì gbàgbé mi.

Ìyá olóko náà gbé tíì wá fún wa nínú kọ́ọ̀bù méjì. Irun rẹ̀ funfun, bàtà rọ́bà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀ mí, èmi ni àbúrò tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ìgbà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ̀rọ̀ mi. A dúró síbi tí ẹ̀gbọ́n mi kò ti lè gbọ́ wa. Ó wò ó bó ṣe kúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé inú òun dùn pé mo bá a wá. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún òun pé kò ní gba ìtọ́jú náà mọ́, òun sọ fún un pé ó dára, bí àbúrò rẹ̀ bá ṣáà ti wà nítòsí.

Mo ní, "Ìtọ́jú wo?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ilẹ̀, ó wo kọ́ọ̀bù ọwọ́ mi. Ó ní òun rò pé mo mọ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó sì rìn padà lọ sílé rẹ̀ kíákíá, bí ẹni tó fọ́ àwo onílé.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò bẹ̀rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ìtọ́jú wo?"

Kò gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. Ó ní, "Dúró ná, ó ń bọ̀ wá jáde." Ẹyẹ náà jáde, kámẹ́rà dún. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáyà. "Ẹ̀dọ̀ ni. Jẹjẹrẹ ni. Oṣù kọkànlá ni wọ́n rí i, ó sì ti tàn kálẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì, oògùn náà fẹ́ẹ̀ pa mí kí àìsàn tó pa mí. Mo ní kí wọ́n dá a dúró."

Oṣù kọkànlá. Ó ti jẹ Kérésì nílé mi. Ó ti gbé ọmọ mi kékeré sí èjìká.

"Ẹ sọ fún òyìnbó, ẹ ò sọ fún mi?"

"Òun ò ní sunkún," ló wí. "Mo nílò ẹnì kan tí mo lè sọ ọ́ fún, tí kì í ṣe èmi náà ni màá tún máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Ì bá dára ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀. Mi ò dákẹ́. Mo ní, "Ìkà ni yín. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe bàbá, ẹ wá fẹ́ kú bí ẹni tí ò lẹ́bí. Ó dáa, kí ẹyẹ máa tọ́jú yín." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ bí ẹyin. Mo wọ mọ́tò, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo wa ọkọ̀ lọ.

Mo ti lọ tó máìlì méjì kí katakata kan tó dí ọ̀nà mọ́ mi níwájú. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mọ́ínmọ́ín tó wé padà wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn. Kò sí ilé nítòsí bí kò ṣe ti ìyá yẹn. Mo rò ó pé, tí nǹkan bá ṣe é níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn ni ìkẹyìn tó gbọ́ lẹ́nu mi. Mo yí mọ́tò padà lórí koríko.

Nígbà tí mo dé, ó wà lórí eékún níbi tí mo fi í sí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, kámẹ́rà wà lójú rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Ó kàn ní, "Akọ rẹ̀ ti dé. O ò rí i." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ìgbà tí mọ́tò lọ tàbí kò gbọ́. Mi ò sì lè bi í. Mo jókòó tì í lórí koríko gbígbẹ, ẹkún gbé mi, ó sì ṣe ohun tó sọ pé òun ò fẹ́ ṣe: ó fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó fa orí mi mọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Kóòtù náà ń rùn bí àgbo àti bí àgùntàn. Mo gbọ́ ìlù àyà rẹ̀, ó ń sáré bí ti ẹyẹ.

Ó ní, "Má sọ fún Màámi."

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wa ni wọ́n ti ń lo oògùn àyà títí di òní. Ọkàn wọn ò ní gbé e. Àti pé mo fẹ́ kó ku ẹnì kan láyé yìí tó ṣì ń gbàdúrà fún mi bí ẹni tó máa pẹ́."

Mo ní mi ò ní sọ. Gbólóhùn kan péré. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mo fún un, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ya fọ́tò títí oòrùn fi kúrò lójú ilẹ̀kùn náà. Lójú ọ̀nà ilé, ó sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, mo sì wa mọ́tò jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti di elékèé. Màámi á pè lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?" Màá ní, "Wọ́n wà, Màámi." Wọ́n á ní kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi rẹlẹ̀ báyìí. Màá ní iṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gbé ẹrù, á ṣe àmín, tí ìpè bá sì ti parí, á sùn wákàtí méjì. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo kó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo wá ń sùn lórí àga gígùn. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sọ fún Màámi pé ó wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ń lo ọmọ mi jù nílùú yẹn," wọ́n sì gba àdúrà rẹ̀ fún mi kí n bá wọn jẹ́ ẹ fún un. Mo gbé fóònù sí etí rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí Màámi mọ̀.

Ó kú ní ọjọ́rú, lọ́sàn-án, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Kí a tó sin ín, mo wọ bàálù lọ sílé, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Àbúrò Màámi ọkùnrin bá mi wọlé. Màámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ́. Wọ́n rí mi, wọ́n dìde, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí ojú wọn ti mọ̀.

Wọn ò ké. Wọ́n jókòó padà. Wọ́n béèrè pé kí ló ṣe é, mo sọ. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni ìwọ mọ̀?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, Màámi. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí ìka. Mo kọ́kọ́ rò pé ọpọlọ wọn ti dàrú. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kà.

Wọ́n ní, "Mẹ́tàlá. Ọjọ́ Àìkú mẹ́tàlá ni mo fi ń gbàdúrà ìyàwó fún ọmọ tó ń kú lọ."

Àbúrò wọn ní kí wọ́n fi sùúrù sí i, Ọlọ́run ló mọ̀. Màámi ní, "Ọlọ́run mọ̀. Òyìnbó mọ̀. Ọmọ yìí mọ̀. Èmi tí mo bí i ni mi ò mọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n gbé atẹ́ ẹ̀wà wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá. Mo ti gbé kámẹ́rà náà sínú àpò mi, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e. Mo ṣí i fún wọn, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lórí wáyà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu. Ojú ilẹ̀kùn, àti nǹkan dúdú kan tó ń kọjá. Wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Tirẹ̀ dà?" Mo wá a dé ìsàlẹ̀. Òun ló máa ń di kámẹ́rà mú. Nínú gbogbo fọ́tò ọdún yẹn, kò sí ẹyọ kan tó ti yọjú. Màámi fi ọwọ́ ti kámẹ́rà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Nígbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí oko ìyá òyìnbó náà lémi nìkan, kí n lọ túbá, nítorí mi ò dágbére fún un lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ó ní nígbà tí kò tún pe òun mọ́, òun mọ̀. A jókòó sí ìta. Ó wá sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò béèrè. Ó ní nígbà tí mo wa mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà, òun ti jáde wá bá a, pé kó wọ mọ́tò òun kí òun gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú títì. Ó ní, "Ó ń padà bọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn." Wọ́n jọ dúró. Nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò mi lọ́nà jíjìn, ó dìde kíákíá, pẹ̀lú gbogbo àìlera rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síbi tí mo fi í sí, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó sì bẹ ìyá náà kó wọlé lọ.

Mo sunkún nínú oko yẹn, ìyá náà sì di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀gbọ́n mi pa irọ́ kan fún mi, irọ́ kékeré tó fi orí eékún rẹ̀ pa, kí ojú má bàa tì mí. Irú ìfẹ́ tó ní nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí i lórí irọ́ ńlá tó ní kí n bá òun pa fún Màámi. Ibì kan náà ni méjèèjì ti wá. Àmọ́ mo ti rí ibi tí èkejì já sí. Àwa méjèèjì rò pé ìbànújẹ́ la gbà kúrò lórí Màámi, a kò mọ̀ pé ọmọ wọn la gbà lọ́wọ́ wọn, oṣù mẹ́ta gbáko, nígbà tí wọ́n ṣì lè bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣì lè sọ oríkì rẹ̀ sí i létí, tí wọ́n ṣì lè béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Bóyá ọkàn wọn ì bá má gbé e. Ọkàn tiwọn ni, àwọn ló ni í. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Màámi ti dárí jì mí. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu wọn, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Àmọ́ wọn ò gba ohùn mi gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í pè mí bí ti tẹ́lẹ̀. Orí fídíò ni wọ́n ń fẹ́, ọmọ aládùúgbò ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa ni o wà?" Màá ní dáadáa ni. Wọ́n á ní, "Sún mọ́ ojú iná, jẹ́ kí n rí ẹ." Tí orí bá ń fọ́ mi, mo máa ń sọ. Tí èmi àti ọkọ mi bá jà, mo máa ń sọ. Mo máa ń dìde lórí àga, màá lọ sójú fèrèsé, màá gbé fóònù náà sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí mi lójú, màá sì dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi wò mí tán.